Ìwo Tí Mo Yàn fún Ohùn Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣàánú mi. Àánú yín kò wúlò fún mi. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ní ojúkòkòrò bíi tèmi lè fi tèmi kọ́gbọ́n, bó bá jẹ́ ẹni tí ọgbọ́n ń wọ̀ lórí rárá.

Hàbíbátù ni orúkọ mi. Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù, ní àdúgbò Ìjòkú. Ọkọ mi, Àlíyù, kú kí irun orí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kò sì fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ rò pé n ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá máa sunkún. Ẹkún wo? Mo gbé agbọ̀n obì rù, mo wọ ọjà. Kò pẹ́ tí kò fi sí oníṣòwò kan láti Ìpẹru dé Ìkòròdú tó lè ta ọjà burúkú fún mi. Bí mo bá fi èékánná kan obì, mo ti mọ̀ bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fi ìka kan ìkòkò, mo ti mọ ibi tó gbé sán.

Ìgbéraga mi nìyẹn. Òun náà ló sì mú mi.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Ràbíátù. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ni Ọlọ́run fún ní ohùn orin. Ohùn tí wọ́n fi ń ná ọjà ni ó fún èmi. Bí àwọn obìnrin ìmàle bá ń kọ wákà níbi ìkómọ, Ràbíátù ni yóò dá a, àwọn yòókù a máa gbè é. Ó fẹ́ ọkùnrin Ìpẹru kan, Lìádì, tó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó tí kò mú ohun kan bọ̀ ju gìtá lọ. Gìtá, ẹ̀yin èèyàn mi! Igi olókùn mẹ́fà tí àwọn Àgùdà máa ń ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá oko, òun ń fi èékánná họ igi. N kò fojú ire wò ó rí.

Ṣàgámù níbí ni wọ́n ń gbé. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Wúlẹ̀mọ̀tù. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ikọ́ ife mú ìyá rẹ̀. Ràbíátù gbẹ bí ewé tí oòrùn pa. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. N kò níí pẹ́ mọ́."

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni mo wí.

"Bí mo bá pa á mọ́, ṣé ikọ́ náà yóò pa tirẹ̀ mọ́? Ẹ gbọ́ mi. Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀yin ni mo fi í fún. Ẹ kò bímọ, òun náà kò níí níyàá mọ́. Lìádì ti gbà."

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nínú mi. Ogún ọdún ni mo fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jó. Ọ̀kan wá fẹ́ di tèmi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni Mọ́ṣúdù dé.

Ará Èkó ni. Ọ̀nà ti là lẹ́yìn ogun tí àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà, gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Èkó sì ń gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá bí eṣú. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú oòrùn, ó ń làágùn bí ẹran tí wọ́n ń sun, kò sì bọ́ ọ, nítorí kí á lè mọ̀ pé ó ní kóòtù. Alárùú kan ru àpótí tẹ̀lé e. Ilé mi ni wọ́n júwe fún wọn, torí èmi ni mo máa ń gba àwọn àlejò oníṣòwò sílé.

Ẹ̀rọ agbohùn ló wà nínú àpótí náà. Ẹ̀yin ará Èkó lè ti rí irú rẹ̀. Àwa kò rí i rí. Wọ́n ń yí ọwọ́ kan lára rẹ̀. Ìda ròbótó kan, tó tó ife omi, a máa pòyì lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ a sì máa rìn lára ìda. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin yóò kọ ọ́ sẹ́nu ìwo kan tí wọ́n kì bọ ibi abẹ́rẹ́. Ohùn yóò gba inú ìwo wọlé, abẹ́rẹ́ yóò kọ ọ́ sára ìda. Bí wọ́n bá tún un yí, ohùn náà yóò gba ẹnu ìwo jáde padà.

Mọ́ṣúdù yí ìda àtijọ́ kan fún wa. Òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Gbogbo Ìjòkú sá! Àwọn àgbà ọkùnrin tó máa ń fọ́nnu fún wa pé àwọn ja ogun báyìí, àwọn ja ogun tọ̀hún, mo fi ojú mi rí wọn bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò kúrò lórí ìjókòó.

"Ṣé kò ju báyìí lọ?" ni mo bi í.

"Ìyá Olóbì, ẹ láyà o!"

"Láyà kọ́. Òyìnbó tó wà láàyè kò bà mí lẹ́rù, ti inú àpótí ló wá fẹ́ bà mí?"

Ràbíátù gbọ́ nípa rẹ̀. Ọwọ́ ni Lìádì fi dì í mú wá, tó ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tí wọ́n bá kọjá. Ó jókòó, ó wo ẹ̀rọ náà títí.

"Àlejò wa," ó ní, "bí ẹni tó kọrin sí i bá kú ńkọ́?"

"Kí ló kan ìda?" ni Mọ́ṣúdù wí. "Ó lè kú, ó lè lọ sí Mẹ́kà. Ìda yóò ṣáà máa kọ orin rẹ̀."

Ràbíátù kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ ń dán, kì í sì í ṣe ibà ló ń mú un dán. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rántí ohùn ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kí Wúlẹ̀mọ̀tù máa gbọ́ mi. Èmi àti gìtá bàbá rẹ̀. Ohun tí mo ń wá kò ju ìyẹn lọ."

Mọ́ṣúdù ní òun yóò ṣe é. Ó ku ìda kan ṣoṣo lọ́wọ́ òun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Òun yóò fi í sílẹ̀ fún wọn, bí òun bá sì ń kọjá ní ọdọọdún, òun yóò yà, òun yóò yí i fún ọmọ náà gbọ́. Alárùú òun ní òun kò kọjá Ṣàgámù mọ́. Kí Lìádì bá òun ru ẹrù dé Ìkòròdú, ó tán.

"Ṣùgbọ́n ìwo méjì ló wà," ó ní. "Ẹ ní láti yan ọ̀kan. A kò lè kọ ìda yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohùn bá wọ̀ ọ́ ní ìwọ̀kuwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ayé."

"Èwo ló ń gba ohùn èèyàn àti ti gìtá pọ̀ dáadáa?" ni Lìádì bi í.

Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Oníkóòtù kò mọ èsì. Òtítọ́ wá jáde: ọ̀gbẹ́ni náà kò mọ̀ ọ́n! Òyìnbó kan ló kú, wọ́n ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo, òun sì rà á. Yíyí nìkan ló mọ̀. Ìwo páànù ló fi ń yí i torí pé ó fúyẹ́. Ti idẹ, kò tíì tú u kúrò nínú ìdì rẹ̀ rí.

"Kí lẹ ń dààmú sí?" ni Ràbíátù wí. "Ta ló mọ ọjà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yan èyí tó dára. Èyí tí ẹ bá mú ni n ó kọrin sí."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la," ni mo wí. "N kì í kánjú ra ọjà."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mọ́ṣúdù sún mọ́ mi. "Ìyá Olóbì, ẹrù yìí ti pọ̀ jù. Èyí tí ẹ kò bá yàn nínú ìwo méjèèjì, n kò níí gbé e kọjá ibí. Tiyín ni, nítorí ilé tí ẹ fi wọ̀ mí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí èṣù kankan níbẹ̀. Aláìmọ̀kan kan tó wọ kóòtù ni, àti èmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìwo méjèèjì sórí ẹní. Ti páànù kéré, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ tóóró, wọ́n sì fi aṣọ àtijọ́ wé e látòkè délẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó ní egbò. Mo fi ìka kàn án. Pò! Bí ẹni kan elégédé tó ti rà. Ti idẹ gùn tó apá mi, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, ó sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Gbọ̀ọ̀ọ̀nranran! Ó ń dún, ó ń dún, àfìgbà tí mo gbọ́wọ́ lé e kó tó dákẹ́.

Ẹni tó bá ra ìkòkò rí mọ ohun tí mo gbọ́. Ìkòkò tó bá dún ló jiná; èyí tó bá ṣe pò, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kò sí iyèméjì kankan lọ́kàn mi. Ti idẹ ni ìwo. Ti páànù yẹn, pàǹtí ni.

Ó sì yẹ kí n mú ti idẹ fún Ràbíátù. Mo mọ̀. N kò níí parọ́ fún ẹ̀yin náà, mo ti parọ́ tó.

Ṣùgbọ́n mo tún wo ìwo náà. Mo rí i lókè ìsọ̀ mi, tí mo so ó mọ́ òpó, tí oòrùn ń ta sí i lára. Mo rí àwọn oníbàárà tí wọ́n ń ti òkèèrè béèrè pé, "Ìsọ̀ ta nìyẹn?" Mo rí àwọn ìyàwó ọlọ́lá tó máa ń ná obì mi bí ẹni ná ìgbẹ́, tí wọn kò mọ ibi tí wọn ó gbójú sí. Bí mo bá sì fẹ́, mo lè fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, idẹ náà yóò sì dé ìgúnpá mi.

Ìdíátù wọlé bá mi níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, ìsọ̀ wa kángun síra.

"Hàbíbátù, kí lò ń wò báyìí bí ológbò tó rí ẹja?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"O fẹ́ fún wọn ní èyí tí kò dára?" ni ó bi mí.

"Ta ni yóò mọ̀? Lìádì tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì àyàfi bó bá mú gìtá dání? Tàbí Mọ́ṣúdù?"

"Ràbíátù ni, Hàbíbátù. Àbúrò rẹ ni."

"Ẹni tó ń kú lọ, kí ló fẹ́ fi idẹ ṣe?"

Ẹnu mi ló ti jáde. Ìdíátù wò mí, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.  Mo ní lọ́kàn mi pé ìlara ló ń ṣe é.

Nígbà tí Ràbíátù àti Lìádì dé, ìwo páànù ni mo gbé síwájú wọn.

Lìádì wò ó, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ti idẹ kọ́? Ó tóbi jù ú lọ."

"Orí màlúù náà tóbi ju orí rẹ lọ. Ṣé màlúù ni yóò bá wa ta gìtá?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ẹ̀tàn ni.

"Idẹ máa ń jẹ ohùn," ni mo tẹ̀ ẹ́ lọ. "Ohùn obìnrin tín-ín-rín báyìí, yóò gbé e mì ni. Okùn gìtá, kò níí gbọ́ ọ rárá. Ti páànù yìí ló tọ́. Mo fi ọjà mi búra!"

Kò sí ohun tí mo sọ yẹn tí mo mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹni ta obì onídin ni mo ṣe tà á fún wọn, tí mo fi ewé tútù bò ó lórí.

Ràbíátù fi ọwọ́ pa ìwo náà lára. "Ó jọ mí," ó ní. "Aṣọ ni wọ́n fi di òun náà mú. A bára mu."

Ọ̀sán gangan la ṣe é. Wọ́n so ẹní mọ́ ògiri kí ohùn má baà ta padà, wọ́n lé ewúrẹ́ jìnnà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Lìádì dojú odó dé, ó jókòó lé e kí àyà gìtá lè ga tó ẹnu ìwo. Ràbíátù jókòó sórí àpótí ìdáná níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìwo tán. Àwa tó kù tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri: èmi, Ìdíátù, àwọn ará ilé, Wúlẹ̀mọ̀tù ní itan ìyá àgbà kan.

"Ó yá," ni Mọ́ṣúdù wí, ó ń yí ọwọ́.

Lìádì ta okùn. Ràbíátù gbé e:

Wúlẹ̀mọ̀tù, ọmọ mi,
Bí o bá jí tí o kò rí mi,
Má wò mí lójú ọ̀nà oko,
Má wò mí lójú ọ̀nà odò.
Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ, Hàbíbátù ń bẹ;
Ẹni tó ní Hàbíbátù kò ṣaláìníyàá.

Mo dúró, mo ń gbọ́ orúkọ mi bó ṣe ń wọnú ohun tí mo kà sí pàǹtí. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo ní, "Kò burú. Ọmọ náà kò kúkú níí gbọ́ ọ yékéyéké." Ẹ̀yin náà ẹ rí irú èèyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ikọ́ kò bẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi parí. Bó ṣe parí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ títí tí Lìádì fi ju gìtá sílẹ̀ tó gbá a mú.

Mọ́ṣúdù dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó yí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Ohùn Ràbíátù jáde nínú ìwo elégbò yẹn, ó mọ́ bí omi ìsun. Kì í ṣe ohùn aláìsàn. Ohùn tí mo mọ̀ kó tó lọ́kọ ni. Mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó gbé orin. Mo gbọ́ èékánná Lìádì lórí okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já bọ́ sínú àwo; kò bo ohùn mọ́lẹ̀, ohùn kò sì bo òun mọ́lẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù sọ̀ kalẹ̀ ní itan tó wà, ó lọ yọjú sínú ìwo, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún yọjú sínú ìwo. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin ń sunkún. Mọ́ṣúdù ní, "Ìyá Olóbì, ẹ mọ ọjà, ẹ mọ̀ ọ́n dópin!" Ràbíátù, tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, rọra kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ ti ṣe tèmi tán."

Ó yẹ kí n gbé e dìde kí n dákẹ́. Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. Ìkà tí mo ṣe ti di oore, wọ́n sì ń dúpẹ́ oore lọ́wọ́ mi. Òmùgọ̀ lásán ló lè ba irú ìyẹn jẹ́. Èmi náà nìyẹn.

Inú mi kò tilẹ̀ dùn. Mo ń ṣe ìṣirò ọjà: bí pàǹtí bá dùn báyìí, ti idẹ tó jẹ́ tèmi yóò wá ti dùn tó? Ọkàn mi kò balẹ̀.

"Gbé ti idẹ sí i ká gbọ́," ni mo wí.

"Ìyá Olóbì, fún kí ni?" ni Mọ́ṣúdù wí. "Abẹ́rẹ́ máa ń jẹ ìda yìí bí a bá ń yí i jù."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣebí ilé mi lo sùn."

Ó yọ ti páànù, ó ki ti idẹ bọ̀ ọ́. Ó yí i.

Èwo lẹ fẹ́ kí n sọ nínú rẹ̀? Ariwo ni. Ìwo náà ń dún fúnra rẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ tó dún nígbà tí mo kàn án. Gbogbo ibi tí Ràbíátù bá ti gbé ohùn sókè, idẹ a han sí i. Gìtá di ọmọrí ìkòkò tó ń ṣubú lé ara wọn. Àwọn tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹnu mú kí ẹ̀rín má ba bọ́.

Lìádì tí n kò kà sí ló là á yé wa. "Mo ti rí i," ó ní. "Ohun tó bá ń dún fúnra rẹ̀ kò níí jẹ́ kí ti ẹlòmíràn dún. Ìdí tí wọ́n fi fi aṣọ wé ti páànù nìyẹn, kí ó lè pa ẹnu tirẹ̀ mọ́ kó sì gba ti ẹni tó ń kọrin. Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Èmi tí mo ń ta gìtá, ti idẹ ni ǹ bá mú."

N kò gbọ́ ìyìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí mi: wọ́n ti ta ọjà burúkú fún mi. Fún èmi Hàbíbátù! Mo dìde.

"Mọ́ṣúdù! O rẹ́ mi jẹ! Irú ìwo jákujàku wo lo gbé fún mi yìí?"

"Mo rẹ́ yín jẹ bí i ti báwo?" Ojú rẹ̀ là. "Ṣebí a ti jọ sọ ọ́ pé èyí tí ẹ kò bá yàn fún wọn ni tiyín? Ẹ̀yin lẹ mú un fúnra yín!"



Mo jókòó padà. Ó ti pẹ́ jù. Ràbíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó yàn pé èyí tó bá kù ni tiyín?"

Mo gbójú sórí ìwo idẹ.

"Ti idẹ lẹ sì fẹ́. Ẹ rò pé òun ló dára."

"Ràbíátù, ikọ́ ń mú ọ, dákẹ́ ná."

"Ẹ rò pé òun ló dára, ẹ wá gbé èyí tí ẹ kà sí èyí tí kò dára fún mi. Ẹ tún fi ọjà yín búra." Ó yí ojú sí Ìdíátù, tó ti ń wo ilẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Ìdíátù, ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ló sọ fún yín?"

"Má bi mí, Ràbíátù."

"Mo ti bi yín ná."

Ìdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró nu ojú. "Mo ní àbúrò rẹ̀ ni ọ́. Ó ní... ó ní ẹni tó ń kú lọ, kí ló fẹ́ fi idẹ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú yàrá mi, ẹ wá wò ó láàárín èrò. Ó rí bí aṣọ ìdí tí wọ́n sá sí ojú títì.

Àfi bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. "Ṣebí ó dára! Ṣebí ti páànù ló wá dára! Kí ni mo bà jẹ́? Ẹ sọ ohun tí mo bà jẹ́ fún mi!"

"Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́," ni Ràbíátù wí. Kò pariwo; kò sí èémí tó fẹ́ fi pariwo. "Ẹ fẹ́ fún mi ní èyí tí kò dára, ẹ wá ṣèèṣì fún mi ní èyí tó dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bu oúnjẹ fún ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kí n máa gbàdúrà nínú sàréè pé kí ẹ máa ṣèèṣì lójoojúmọ́ ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Lìádì, gbé ọmọ rẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ní Ìpẹru ni yóò máa gbé."

"Ìyá yẹn?" ni mo kígbe. "Ìyá àgbà tí kò ní ju ìkòkò kan lọ?"

"Ọ̀kan náà tó ní, yóò bù fún ọmọ mi nínú rẹ̀ kó tó bù fún ara rẹ̀."

"Ràbíátù, orúkọ mi ló wà nínú orin! O ti kọ ọ́ sínú ìda pé èmi ni ìyá rẹ̀!"

"Ìda kò lè yí ọ̀rọ̀ padà," ó ní. "Èmi lè yí i. Mo ti yí i."

Lìádì gbé Wúlẹ̀mọ̀tù sí èjìká kan, ó di ìyàwó rẹ̀ mú ní ọwọ́ kejì. Ìdíátù bá wọn gbé gìtá. Ìda wà nínú òwú, nínú páálí rẹ̀, lábẹ́ abíyá Ràbíátù. Wọ́n jáde. Ọmọ náà ń juwọ́ sí mi títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Ràbíátù kú. Ìdíátù ni wọ́n pè láti wẹ̀ ẹ́. Wọn kò pe èmi tí ìyá kan náà bí wa. Mo di aṣọ jọ, mo gbé ẹja gbígbẹ, mo lọ sí Ìpẹru. Ìyá Lìádì gba mí lálejò dáadáa, ó fún mi lómi, ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ rí ọmọ, ó ní, "Ó wà nínú ilé. Ìyá rẹ̀ fi àṣẹ lélẹ̀. Ẹ fi orí jì mí." Mo gbé ẹrù mi padà. Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ ni mo gbé ìwo idẹ fún. Ohun tó wù ú ni kó fi rọ.

Àwọn kan ní Ìjòkú ṣì máa ń sọ pé Ràbíátù le jù, pé nígbà tí ìwo ti dára, ó yẹ kó gbàgbé ìyókù. Àwọn wọ̀nyẹn kò gbọ́n. Èmi tí wọ́n ṣe é fún kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ta obì onídin fún èèyàn, tí kòkòrò wá kú kó tó jẹ ẹ́, olè ni mo ṣì jẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun yan nǹkan, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ má dúró wò ó bí ohun tí ẹ yàn yóò ṣe rí kí ẹ tó mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́.

Ọdún márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá yìí, mo wà ní ìsọ̀ mi, ọmọbìnrin kan gbé igbá dúró níwájú mi. Ó ti ga. Iwájú orí ìyá rẹ̀ ló gbé wá, bí ẹni gé e lé e lórí.

"Ẹ kú ọjà o," ó ní. "Ẹ̀yin ni Ìyá Olóbì?"

"Èmi ni." "Ta ló rán ọ?"

"Ìyá àgbà mi ní Ìpẹru. A fẹ́ ṣe ìkómọ. Wọ́n ní kò sí obì tó dára bíi tiyín ní gbogbo Ṣàgámù."

Mo na ọwọ́ sí agbọ̀n tó wà lábẹ́, níbi tí mo ń kó àwọn tó dára jù sí. "Wá, ọmọ mi. Jẹ́ kí n bá ọ ṣa èyí tó—"

"Ẹ má ṣèyọnu," ó ní, ó ti lóṣòó. "Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ bá mi yàn án. Wọ́n ní kí n fúnra mi yàn án."

Mo fa ọwọ́ mi padà. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn wò nínú oòrùn, ó ń kó wọn sínú igbá. Mo jókòó, mo ń wò ó.